Lẹ́tà Tó Pẹ́: Ìkẹ́dùn lórí Ìpapòdà Alhaja Maimunat Àyọ̀ká Gbàdàmọ́sí

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Ìrọ̀lẹ́
Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, ọdún 2025

Sí ìdílé Gbàdàmọ́sí,
Ẹ́sítéètì Ìbà.

Ẹ̀yin ẹbí wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìtìjú tí a kò lè fi pamọ́ fún yín, ni a fi ń kọ ìwé yìí láti bá yín kẹ́dùn ikú ìyá yín, olùkọ́ wa, Alhaja Maimunat Àyọ̀ká Gbàdàmọ́sí, tí wọ́n dágbére fáyé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ náà la ó padà sí. A gbà fún Un.

Ìwé ìkẹ́dùn ẹgbẹ́ kì í sábà gùn tó èyí. Ṣùgbọ́n níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, arábìnrin wa Ṣàkírát, àkọ́bí Màmá, bi wá ní ìbéèrè kan níṣojú gbogbo ènìyàn, a kò sì rí ẹnu fi dáhùn. Alága wa, Alhaji Jímọ̀, ti dìde láti gbé àmì ẹ̀yẹ kalẹ̀, férémù onídígí ńlá kan tí a kọ “Ìyá Rere” sí. Ṣàkírát kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbé e padà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni màmá mi bẹ̀ yín fún. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ibo lẹ wà?” Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, “Ọmọ yìí mà yájú o.” A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ kò bá ẹni náà sọ ọ́. Ẹni tó kúnlẹ̀ kó tó bèèrè ọ̀rọ̀ kò yájú. Alhaji Jímọ̀ jókòó padà, férémù náà sì wà lórí itan wọn títí a fi ṣe àdúà parí.

Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ló mú ìwé yìí gùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí Màmá jẹ́ sí wa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ títí di ọ̀sán, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kan nínú ilé-ìwé kan ní Òkòkòmáíkò, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àgbà tí kò mọ̀wé, láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí aago méje, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Wọlé dara pọ̀ mọ́ wọn láti máa kọ́ wa ní ìṣirò. Láti ìgbà náà, àwọn tó jókòó sínú yàrá yẹn ju irinwó lọ. Nínú wọn ni a ti rí nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba, onílé, oníṣòwò tó ń ka ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n a kọ orúkọ tiwọn sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dé tẹ̀lé wọn a kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí ìtẹ̀ka. Ẹnì kan kì í kọ orúkọ ẹnì kejì, bó ti wù kó kánjú tó. Àwọn tó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé láti ìgbà èwe wọn ló pọ̀ jù nínú wa, òfin yìí sì kọ́kọ́ le lára wa ju ìṣirò lọ.

Alhaji Jímọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rédíò ní Alábà nígbà náà, tí wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá kọ orúkọ wọn ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá a kọ. Ìlà àwọn tó wà lẹ́yìn wọn gùn dé ìta. Akeem káfíńtà pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Alhaji, ṣé orúkọ gbogbo ẹbí lẹ ń kọ ni?” Alhaji kò gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Ẹ má dà mí láàmú. Mo ti dé orí M.” Ọ̀gbẹ́ni Wọlé sún mọ́ wọn láti dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n Màmá ní, “Wọlé, fi wọ́n sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n bí i fúnra wọn.” Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ ìtàn yìí títí di òní, Alhaji sì ni ó máa ń sọ ọ́ jù.

A rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọdún 2011. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, omi inú yàrá sì dé agbede ojúgun. Akeem gbé bẹ́ǹṣì mẹ́fà lé orí ogún búlọ́ọ̀kù tó ti ṣẹ́, a jókòó bí ẹyẹ lórí igi, Màmá sì wọ bàtà rọ́bà, wọ́n dúró sínú omi, wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ wákàtí méjì gbáko. A rántí àwọn ọdún tí wọ́n ń tú títì Badagry ṣe, tí mọ́tò kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ni àwọn kan fi ń rìn láti Ìyànà Ìbà, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta bí eruku kò bá pọ̀. Màmá ti ilé yín rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ wọn ló ṣì máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́.

Ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí akọ̀wé tó ń kọ ìwé yìí kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì, ó pa kíláàsì tì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ibi tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìbà ni Màmá wá bá a, ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, lójú oòrùn. Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá yá ọmọ yín ni. Láti aago márùn-ún sí méje péré. Bí mo ṣe gbà á ni mo máa dá a padà.” Ọ̀gá náà ní, “Ìyá, ẹ má dá a padà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bá mi fi nǹkan kún un.” Ní ọdún 2013, ó yege.

Bí a bá fẹ́ ka oore bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé a mọ̀ ọ́n, a sì rántí. A kò le sọ pé a gbàgbé. Ìbá sàn fún wa bó bá ṣe pé a gbàgbé ni.

Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè Ṣàkírát.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, Màmá wá sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Wọ́n ní ilé-ìwé ti ní ọ̀gá tuntun, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń lo yàrá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ lẹ́tà kan láti ọwọ́ àwọn tó ti jàǹfààní kíláàsì náà, kó tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù. Bí lẹ́tà bá wọlé, yàrá ṣì jẹ́ ti Màmá. Bí kò bá wọlé, yóò lo yàrá rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Màmá ní, “Ẹ kàn sọ òtítọ́ síbẹ̀, kó má gùn jù.” Nínú ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun nìkan ni ohun tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà níwájú wa.

Ọjọ́ kejì sí i ni a kọ lẹ́tà náà tán, ojú ewé kan. Ohun tó kù ni ìfọwọ́sí. Ibẹ̀ ni a ti ṣubú.

Ẹgbẹ́ wa ti sọ òfin Màmá di tirẹ̀: ìwé ẹgbẹ́ kì í jáde láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kọ orúkọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ìwé ìkíni kan jáde tí orúkọ ẹni tó wọ kíláàsì lọ́dún 2013 wà lókè orúkọ ẹni tó wọlé lọ́dún 2001. Ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Láti parí ìjà náà, a fi òfin mìíràn kún ti Màmá: ẹni tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, kékeré kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ kí àgbà tó kọ tirẹ̀. Ohun tí Màmá fi dá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtẹ̀ka, a sọ ọ́ di àga oyè.

Nítorí náà, lẹ́tà Màmá bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Alhaji Jímọ̀ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án. Igbákejì alága, Ìyáàfin Ọláwùnmí, gbà á ní ọjọ́ kẹfà. Wọ́n ní a kò kọ “Alhaja” sí iwájú orúkọ Màmá ní ìlà kẹta, pé àrífín ni. Ọjọ́ mẹ́jọ ni lẹ́tà náà fi wà nílé wọn kí wọ́n tó rí àyè sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé. A tún un tẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Níwọ̀n bó ti di ìwé tuntun, Alhaji ní láti tún fọwọ́ sí i, Alhaji sì ti lọ sí Ìṣẹ́yìn síbi ìsìnkú àna wọn. Ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, orúkọ ti pé mẹ́wàá. Ẹni kọkànlá ni Bùrọ̀dá Ṣeun. Ṣágámù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan ni wọ́n sì máa ń wálé. Sátidé náà, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ọgbọ̀njọ́ oṣù pé ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́tà wà lórí tẹlifíṣọ̀n nílé Bùrọ̀dá Ṣeun, ó ń dúró dè wọ́n.

Nínú ogún ènìyàn tó kù lẹ́yìn Bùrọ̀dá Ṣeun, mẹ́rìndínlógún ló wà ní Òkòkòmáíkò àti Ìyànà Ìbà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mẹ́ta ń gbé ní òpópónà kan náà pẹ̀lú akọ̀wé. Gbogbo wọn mọ̀wé. Gbogbo wọn ní bíírò. Kò sí ọ̀kan tó ṣàìsàn, kò sí ọ̀kan tó kórìíra Màmá. Ìlà wọn ni kò tíì kàn.

Orúkọ tèmi ni kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà, bíírò wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ tí mo kọ ọ́, mo sì gbé ìwé yẹn kalẹ̀ láìkọ orúkọ mi, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ga ju àgbà lọ. Mi ò lè fi “ẹgbẹ́” bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni mo lọ sọ́dọ̀ Màmá láti sọ pé orúkọ mẹ́wàá la ní. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, “Sherif, èmi kọ́ yín láti kọ orúkọ yín. Ta ló wá kọ́ yín láti máa dúró de ara yín?” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ni a tó gbé lẹ́tà dé ilé-ìwé, orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n pé síbẹ̀, wọ́n tò bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á. Ó ní, “Lẹ́tà yín dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé ti kún inú yàrá yẹn.” A kò dá a lẹ́bi. Ó fún wa ní ọjọ́, ó sì dúró dè wá ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ méjìdínlógún la fi pẹ́.

Bí kíláàsì ṣe di ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yín nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mọ èyí jù wá lọ. Oṣù méje ni Màmá fi ń gbé àga jáde, tí wọ́n ń gbé e wọlé, tí wọ́n ń na táńpólì bò wá lórí bí òjò bá ṣú. Ẹ fara da ariwo wa, ẹ fara da bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà yín. A kò sọ pé lẹ́tà ló pa Màmá. Dókítà ti sọ ohun tó ṣe wọ́n, a sì gbà pé ọjọ́ wọn pé ni. Ṣùgbọ́n oṣù méje tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọn ìbá lò ó nínú yàrá tó ní òrùlé, ilẹ̀kùn àti pátákó ara ògiri. Àwa la gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí. Tiwa tún burú sí i. Àwa fẹ́ dúpẹ́, a jókòó ti ọpẹ́ náà, a ń tò ó.

A ti wá mọ ìyìn òkú ju ìdúpẹ́ alààyè lọ. Lẹ́tà tí Màmá nílò gba ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Férémù tí wọn kò lè rí, ọjọ́ mẹ́rin péré ló gbà, kò sì sí ẹni tó bèèrè ta ló ṣáájú ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹgbẹ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Akeem káfíńtà ní Ìyànà Ìbà láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìkẹ́dùn. Ènìyàn mẹ́rìnlélógún ló wá. Ẹ ó rò pé ojú ti là. Kò tíì pé wákàtí kan tí Ìyáàfin Ọláwùnmí fi ní, “Ó dáa. Ta ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i? A ní ìlànà o, Ṣeun ò sì sí nílé.” Ẹnì kan ní kí a gbé e lọ sí Ṣágámù. Ẹlòmíràn ní kí a dúró di Sátidé. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì la fi jiyàn. Ọ̀gbẹ́ni Wọlé, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló ní, “Ẹ má kánjú rárá. Àdúà ogójì ọjọ́ ń bọ̀. Bí a bá pàdánù ìyẹn náà, ti ọdún kan ń bẹ níwájú.”

Alhaji Jímọ̀ gba ojú ewé ìfọwọ́sí lọ́wọ́ akọ̀wé. Wọ́n yọ bíírò, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìwé ti fẹ́ tán. Wọ́n ní, “Èmi ni mo mú òfin yẹn wá lọ́dún 2016. Èmi náà ni mo fagi lé e báyìí. Ẹ kọ tiyín sókè. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni kó kọ.” Ìyáàfin Ọláwùnmí dìde, wọ́n sì kọ tiwọn sí abẹ́ orúkọ obìnrin kan tó wọ kíláàsì lọ́dún 2019. Ojú ewé náà so mọ́ ìwé yìí. Orúkọ mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, wọn kò sì tò bí ipò ẹnikẹ́ni. Àwọn méje tó kù yóò kọ tiwọn nígbà tí wọ́n bá dé. Ìwé kò ní dúró dè wọ́n mọ́.

Ní ìjókòó kan náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣì lè gbọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Morẹ́nikẹ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé-ìwé, tó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá fún ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò sì sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Akeem, tó kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé. Nígbà tó kan Ọ̀gbẹ́ni Wọlé, tó ti kọ́ wa ní ìṣirò fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wa dìde dúró. Ó wò wá, ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Ẹ ti ń dẹ́rù bà mí.” A kò jókòó kíákíá.

Ẹ̀yin ẹbí wa, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tó, nítorí náà ohun tí a ó ṣe nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún ni Màmá fi sílẹ̀, ìdánwò wọn sì wà nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ànúolúwapọ̀ tó ń ṣe irun, bi wá ní ọjọ́ ìsìnkú pé, “Ẹ̀yin àgbà, ṣé ó ti parí nìyẹn?” Kò tíì parí. Akeem ti kó pákó rẹ̀ sí apá kan ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti gbá ilẹ̀ apá kejì. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Wọlé yóò máa kọ́ ìṣirò. Ìyáàfin Ọláwùnmí, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn. Èmi yóò máa kọ́ èdè, ìwọ̀nba tí Màmá fi kún mi. A kò ní bẹ̀ yín fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín mọ́. Ẹ ti ṣe tiyín.

Nínú àpòòwé yìí ni ẹ ó ti rí ẹ̀dà lẹ́tà oṣù Kẹsàn-án. Ti ìyá yín ni. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ọjọ́ tó dé nìkan ló burú. Férémù wà nílé Alhaji, a kò sì ní gbé e wá mọ́ àfi tí ẹ̀yin bá bèèrè rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí a fẹ́ tọrọ, bí ẹ bá sì kọ̀, a kò ní bínú. Rẹ́jísítà Màmá wà lọ́dọ̀ yín. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n kọ́ kíláàsì, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìlà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní rẹ́jísítà náà. A kò ní ṣí ojú ewé tuntun. A ó gbé e sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì máa bá a lọ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Alhaji Jímọ̀ ti ní àwọn yóò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, alága ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ kọ.

Kí Ọlọ́run Ọba fi Aljannah ṣe ilé fún Màmá, kí Ó dárí ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí a ṣe sí wọn jì. Ṣàkírát, Fàwáz àti gbogbo ọmọ, kí Ó fi ọwọ́ Rẹ̀ nu omijé yín, kí Ó dúró tì yín ní àwọn ìrọ̀lẹ́ tí aago márùn-ún yóò lù tí ẹ kò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́. Kí Ó má jẹ́ kí oore yín pẹ́ lọ́nà bí ọpẹ́ wa ṣe pẹ́. Àmín.

Tiyín nínú ọ̀fọ̀,

Sherif Àjàní
Akọ̀wé, fún Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Ìrọ̀lẹ́